Ẹ̀jẹ̀ Àtọwọ́dá fún Fíìmù: Bí A Ṣe Ń Sè É, Bí A Ṣe Ń Lò Ó, àti Ohun Tó Ń Bà Á Jẹ́

Kò sí ẹ̀jẹ̀ fíìmù tó ń dúró síbi tí a bá dà á sí. Èyí tí ẹ fi sí àyà òṣèré yóò ta dé ètè rẹ̀. Èyí tó wà níwájú orí rẹ̀ yóò bá òógùn wọ ojú rẹ̀. Bó bá ṣubú lulẹ̀ tó ń kérora, á lá díẹ̀ níbẹ̀. Ìdí nìyí tí òfin àkọ́kọ́ fi jẹ́ pé gbogbo ohun tó bá wọ inú ìkòkò ẹ̀jẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ ohun tí ènìyàn lè gbé mì láìséwu. Orí òfin yẹn ni gbogbo ìlànà tó wà nísàlẹ̀ yìí dúró lé. Owó rẹ̀ kò sì pọ̀: ọjà àti ṣọ́ọ̀bù àwọn tó ń ta èlò kéèkì ni ẹ ti máa rí gbogbo èròjà rẹ̀.

Ohun tí kò gbọ́dọ̀ kan òṣèré

Ẹ má ṣe lọ gba ẹ̀jẹ̀ màlúù tàbí ti adìẹ lọ́wọ́ apẹran. Àwọn kan gbà pé kò sí ohun tó lè jọ ẹ̀jẹ̀ bí ẹ̀jẹ̀ gan-an, ṣùgbọ́n kámẹ́rà kò gbè wọ́n lẹ́yìn. Láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ẹran ti dì. Kì í pẹ́ dúdú, ooru iná sì ń mú kó rùn. Èyí tó burú jù ni àìsàn: kòkòrò bíi salmonella àti brucella lè wà nínú rẹ̀, ẹnu, ojú àti egbò kékeré sì ni wọ́n ń gbà wọlé. Bákan náà, nájísì ni ẹ̀jẹ̀ lójú Mùsùlùmí, kò sì yẹ kí ẹ da ohun tí ẹ̀sìn òṣèré kọ̀ sí i lára.

Ọ̀dà, yíǹkì, aró, àwọ̀ tí wọ́n fi ń pa aṣọ láró àti búlúù ìfọṣọ kò sí nínú iṣẹ́ yìí rárá, ì báà jẹ́ ẹ̀kán kan. Bí àwọ̀ kan bá wà nínú ike tí wọn ò kọ orúkọ rẹ̀ sí, tí ontajà sì kàn sọ pé “ó ń pọ́n dáadáa”, ẹ fi sílẹ̀ fún un.

Ẹ ṣọ́ra fún ìlànà àtijọ́ pẹ̀lú. Dick Smith, ọmọ Amẹ́ríkà tó jẹ́ àgbà nínú iṣẹ́ méékọ̀ọ̀pù fíìmù, ní ìlànà ẹ̀jẹ̀ kan tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ṣì ń dà kọ. Omi ṣúgà àgbàdo àti àwọ̀ oúnjẹ pupa òun yẹ́lò ló pọ̀ jù nínú rẹ̀, ìyẹn dára. Ṣùgbọ́n Photo-Flo tún wà níbẹ̀, kẹ́míkà tí àwọn oníyàwòrán fi ń ṣan fíìmù fọ́tò kí omi má bàa dá tótótó sí i lára. Ó máa ń jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ tàn ká ara àti aṣọ, àmọ́ kò ṣeé gbé mì. Àwọn mìíràn ń fi ọṣẹ ìfọbọ́ rọ́pò rẹ̀. Ọṣẹ a máa ta ojú, nítorí náà a kì í fi sí i. Ọ̀nà mìíràn wà tí ẹ̀jẹ̀ fi ń tàn ká, ẹ ó kà á níwájú.

Àwọn ohun kan wà tí kò léwu ṣùgbọ́n tí kì í ṣiṣẹ́. Tòmátì inú agolo máa ń jọ ọbẹ̀, torí pé ọbẹ̀ náà ni: àwọ̀ ọsàn ló ń mú jáde, kì í sì í dán. Epo pupa kì í bá omi pò, àbàwọ́n rẹ̀ kì í sì í kúrò láṣọ bọ̀rọ̀. Osùn kì í yòrò nínú omi. Ìsàlẹ̀ ìgò ló máa ń sùn sí, ìyókù á wá dà bí erùpẹ̀ bíríkì. Omi ìsápá pupa tí à ń pè ní sóbò ṣeé mu, ó sì wuyì nínú ife, ṣùgbọ́n àwọ̀ rẹ̀ kì í dúró lójú kan. Ó ń pọ́n níwọ̀n ìgbà tí ohun kíkan bá wà nínú rẹ̀, bí ọṣẹ tàbí káún bá kàn án, á yí sí àwọ̀ aró. Bí wọn ò bá ṣan ọṣẹ kúrò dáadáa lára ẹ̀wù funfun tí òṣèré wọ̀, ẹ̀jẹ̀ sóbò yóò di búlúù lójú kámẹ́rà.

Ìkòkò ìpìlẹ̀

Èyí yóò fún yín ní nǹkan bíi ìdajì lítà. Ẹ wá:

- ṣúgà 400 gíráàmù
- omi 200 ml, àti omi 100 ml lọ́tọ̀
- omi ọsàn wẹ́wẹ́, ṣíbí kékeré kan (5 ml)
- kọnfuláwà, ṣíbí ìjẹun kan. Ògì funfun náà yóò ṣe é
- kòkó lílọ̀ tí kò ní ṣúgà tàbí mílíìkì nínú, ṣíbí kékeré kan
- àwọ̀ oúnjẹ pupa olómi, 15 ml
- àwọ̀ oúnjẹ ewé, búlúù àti yẹ́lò, fún àtúnṣe

1. Ẹ da ṣúgà, omi 200 ml àti omi ọsàn wẹ́wẹ́ sínú ìkòkò, kí ẹ gbé e sórí iná jẹ́jẹ́. Ẹ máa rò ó títí ṣúgà yóò fi yòrò tán, lẹ́yìn náà kí ẹ fi í sílẹ̀ kó hó fún ìṣẹ́jú 8 láìrò ó mọ́. Omi ọsàn yẹn ṣe pàtàkì. Ṣúgà tó pọ̀ tó báyìí nínú omi kékeré máa ń fẹ́ dì padà di horo bó bá tutù. Ìkan ọsàn ló ń fọ́ ṣúgà sí oríṣi méjì tí kì í tètè dì. Ẹni tí kò bá fi sí i á bá ẹ̀jẹ̀ tó ní iyanrìn nínú lọ́jọ́ kejì. Bí ẹ bá rí omi glucose rà lọ́wọ́ àwọn tó ń ta èlò kéèkì, 350 ml rẹ̀ pẹ̀lú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ 80 ml lè dípò gbogbo èyí.

2. Nínú ìkòkò kékeré mìíràn, ẹ po kọnfuláwà mọ́ omi tútù 100 ml, kí ẹ sì sè é bí ẹni ń se ẹ̀kọ mímu, títí funfun ẹfun rẹ̀ yóò fi lọ. Ẹ má ṣe da kọnfuláwà tútù sínú omi ṣúgà gbígbóná tààrà. Ṣúgà ń bá a du omi, kì í jẹ́ kó jinná dáadáa. Á kàn máa dì kúlúkúlú. Bí ẹ̀kọ náà bá ti ki, ẹ dà á sínú omi ṣúgà díẹ̀díẹ̀, kí ẹ máa rò ó. Iṣẹ́ rẹ̀ ni pé kí ìmọ́lẹ̀ má là á kọjá: omi ṣúgà pẹ̀lú àwọ̀ lásán máa ń mọ́ gaara bíi mínírà.

3. Ẹ fi omi gbígbóná ṣíbí kékeré méjì po kòkó títí kò fi ní kókó mọ́, kí ẹ tó fi asẹ́ jò ó sínú ìkòkò. Kòkó ló ń pa píǹkì inú àwọ̀ oúnjẹ.

4. Ẹ jẹ́ kó lọ wọ́ọ́rọ́, kí ẹ tó da àwọ̀ pupa sí i: ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin lákọ̀ọ́kọ́, ìyókù díẹ̀díẹ̀. Agbára àwọ̀ yàtọ̀ láti ilé iṣẹ́ kan sí òmíràn. Bó bá jẹ́ oríṣi tó ki bí òróró ìpara, ìdajì ṣíbí kékeré ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn náà, àwọ̀ ewé ẹ̀kán kan péré.

5. Ẹ fi sílẹ̀ fún wákàtí kan kí ìfófòó rẹ̀ rọlẹ̀, kí ẹ tún fi aṣọ tẹ́ẹ́rẹ́ jò ó. Ìfófòó kékeré tí ojú kò kà sí ni kámẹ́rà máa ń rí.

Ojú kámẹ́rà ni kí ẹ ti wò ó

Àwọ̀ inú ìkòkò máa ń tan ènìyàn jẹ. Ẹ kán díẹ̀ sórí àwo funfun, díẹ̀ sí apá ẹni tí àwọ̀ ara rẹ̀ jọ ti òṣèré, díẹ̀ sí àjákù irú aṣọ tí yóò wọ̀. Ẹ fi kámẹ́rà tí ẹ máa lò, lábẹ́ iná tí ẹ máa lò, ya mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Bó bá jẹ́ fóònù ni, ẹ ti àwọ̀ rẹ̀ pa sójú kan kó má máa yí i fúnra rẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹ̀jẹ̀ ìran kan náà yóò pọ́n níbí, á di àwọ̀ ọsàn lọ́hùn-ún.

Bó bá jẹ́ píǹkì, ẹ̀kán àwọ̀ ewé kan tàbí kòkó díẹ̀ sí i. Bó bá fà sí àwọ̀ ọsàn, búlúù ẹ̀kán kan. Bó bá fà sí àlùkò, yẹ́lò ẹ̀kán kan. Bó bá mọ́ gaara bíi sóbò, ẹ̀kọ rẹ̀ kò tó. Bó bá dà bí ọ̀dà tàbí ọbẹ̀, ẹ̀kọ ti pọ̀ jù. Omi ṣúgà lásán ni kí ẹ fi tú u.

Ọ̀pọ̀ ìlànà tó wà káàkiri jẹ́ èyí tí wọ́n ṣe fún awọ ara funfun. Wọ́n á ní kí ẹ rọ kòkó sí i kí ẹ̀jẹ̀ lè dúdú, kó jinlẹ̀. Lára ènìyàn dúdú, irú ẹ̀jẹ̀ bẹ́ẹ̀ máa ń pòórá; òógùn ni olùwòran á rò pé òun rí. Fún òṣèré tó dúdú dáadáa, ẹ dín kòkó kù sí ìdajì, kí ẹ jẹ́ kó pọ́n yòò, kí ẹ sì gbé iná kan sí ẹ̀gbẹ́ kó lè máa dán. Dídán yẹn ló ń sọ fún ojú pé ohun tútù ni. Aṣọ náà ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀: ẹ̀jẹ̀ tó hàn kedere lára bùbá funfun lè má hàn rárá lára àdìrẹ tàbí ańkárá tó kún fún àwòrán. Ẹ bá ẹni tó ń mójú tó aṣọ sọ̀rọ̀ kí wọ́n tó rán an.

Ìkòkò kan, ìgò mẹ́ta

Ẹ̀jẹ̀ ènìyàn ki ju omi lọ ní nǹkan bí ìlọ́po mẹ́ta sí mẹ́rin. Omi ṣúgà inú ìkòkò wa ki ju bẹ́ẹ̀ lọ fíìfíì. Ìdí nìyẹn tí ẹ̀jẹ̀ inú fíìmù púpọ̀ fi máa ń rọra wọ́ bí oyin nígbà tó yẹ kó máa ṣàn. Ẹ pín ìkòkò náà sí ìgò mẹ́ta.

Ìgò kìíní jẹ́ ti ẹ̀jẹ̀ tó ń ṣàn: ìwọ̀n méjì láti inú ìkòkò, omi ìwọ̀n kan. Òun ni yóò gba inú rọ́bà kọjá, òun náà ni aṣọ yóò fà mu. Ìgò kejì ni bó ṣe wà, fún ojú egbò, ètè àti ibi tí ẹ̀jẹ̀ ti gbọ́dọ̀ dúró láti ìyàwòrán kan sí èkejì. Ìgò kẹta jẹ́ ti ẹ̀jẹ̀ tó ti pẹ́: ẹ gbé ìwọ̀nba díẹ̀ padà sórí iná jẹ́jẹ́ pẹ̀lú kòkó ṣíbí kékeré kan àti kọfí díẹ̀, títí yóò fi ki tí yóò sì di pupa rúsúrúsú. Ẹ̀jẹ̀ tó jáde báyìí kì í ní àwọ̀ kan náà pẹ̀lú èyí tó jáde láàárọ̀. Bí ìtàn bá sọ pé òkú ti wà nílẹ̀ láti àná, ẹ̀jẹ̀ pípọ́n yòò yóò pa irọ́ mọ́ ọn. Fún ẹ̀jẹ̀ dídì, ẹ po àwọ̀ pupa àti kòkó mọ́ ẹ̀kọ tó ki, ẹ jẹ́ kó tutù kó dì, kí ẹ sì fi ṣíbí fọ́ ọ wẹ́wẹ́.

Ní ti bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń tàn ká láìsí ọṣẹ: ọ̀rá ara ló ń jẹ́ kó dá tótótó. Bí òṣèré bá fi òrí tàbí fasilíìnì para kó tó dé, ẹ fi ọṣẹ àti omi nu ojú ibẹ̀, ẹ nù ún gbẹ, kí ẹ fi pọ́ńdà díẹ̀ tẹ̀ ẹ́. Ẹ fọ aṣọ tuntun lẹ́ẹ̀kan kí ohun tí wọ́n fi mú un le ní ilé iṣẹ́ lè kúrò, kí ẹ ṣan ọṣẹ rẹ̀ dáadáa, kí ẹ sì fọ́n omi díẹ̀ sí ẹ̀yìn ibi tí ẹ̀jẹ̀ yóò gbà.

Ẹ̀jẹ̀ ẹnu

Kí ẹnikẹ́ni tó fi ẹnu kan ohunkóhun, ẹ béèrè. Ṣé ohun kan wà tí ara rẹ̀ kọ̀? Tartrazine, àwọ̀ yẹ́lò kan tó wọ́pọ̀, máa ń yọ àwọn kan lẹ́nu. Ṣé ó ní àtọ̀gbẹ? Ṣé ó ń gbààwẹ̀? Bó bá jẹ́ inú Ramadan ni, ẹ gbé ìran náà sí alẹ́ tàbí kí ẹ jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ wà lóde ètè nìkan. Àwọn ìlànà kan ń fi ẹ̀pà lílọ̀ (peanut butter) mú ẹ̀jẹ̀ ki. Ẹ má ṣe dán an wò, nítorí ẹ̀pà lè pa ẹni tí ara rẹ̀ kọ̀ ọ́. Ẹ kán ẹ̀jẹ̀ náà sí inú apá rẹ̀ ní ọjọ́ kan ṣáájú, kí ẹ wò ó fún wákàtí 24.

Ìgò ti ẹnu gbọ́dọ̀ dá wà, kí ẹ kọ orúkọ sí i, kí ẹ má sì ki búrọ́ọ̀ṣì tó ti kan ara ẹlòmíràn bọ̀ ọ́. 5 ml, ìyẹn ṣíbí kékeré kan, tó fún ẹ̀jẹ̀ tó ń gba igun ètè jáde. Òṣèré á fi í sí ẹ̀rẹ̀kẹ́, á tẹ orí síwájú díẹ̀, á jẹ́ kó jáde fúnra rẹ̀. Kò gbọ́dọ̀ fẹ̀yìn lélẹ̀ nígbà tó bá wà lẹ́nu rẹ̀, kó má bàa pá a lórí. Bí ìran bá ní kó fẹ̀yìn lélẹ̀, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì kùn ún sétè rẹ̀ lẹ́yìn tó bá ti dùbúlẹ̀ tán.

Fún ẹ̀jẹ̀ tó bẹ́ lẹ́nu lójijì, ẹ lo kápúsù òfìfo nọ́ńbà 00, tó ń gba nǹkan bíi 0.9 ml. Ẹ fi síríǹjì tí kò ní abẹ́rẹ́ rọ ẹ̀jẹ̀ sínú rẹ̀ nígbà tí gbogbo ènìyàn bá ti wà ní àyè wọn. Jẹ́látíìnì ni kápúsù náà, omi ń mú un rọ̀. Èyí tí ẹ bá rọ sílẹ̀ láàárọ̀ yóò ti di mọ́lọ́mọ́lọ́ kí ọ̀sán tó pọ́n. Ara ẹlẹ́dẹ̀ tàbí màlúù ni wọ́n sábà ń ti yọ jẹ́látíìnì, nítorí náà ẹ ra èyí tí wọ́n fi ohun ọ̀gbìn ṣe fún Mùsùlùmí àti ẹni tí kì í jẹ ẹran.

Ti imú, ẹ fi òwú orí igi kékeré kùn ún sí etí ihò imú. Ẹ má ti ohunkóhun wọnú imú.

Àpò ẹ̀jẹ̀ abẹ́ aṣọ

Ẹ gé ọ̀rá tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n fi ń bo oúnjẹ ní igun mẹ́rin, 15 sẹ̀ǹtímítà ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Ẹ tẹ́ ẹ sínú ife, ẹ da ẹ̀jẹ̀ ìgò kìíní 20 ml sí i, ẹ kó etí rẹ̀ jọ, ẹ fún afẹ́fẹ́ jáde tán, ẹ lọ́ ọ, ẹ fi òwú dì í. Afẹ́fẹ́ ló ń ba èyí jẹ́ jù: àpò tó bá ní afẹ́fẹ́ nínú á wú sábẹ́ aṣọ, bó bá sì bẹ́, á dún, ẹ̀jẹ̀ á ta lọ sí ojú dípò kó wọ aṣọ. Ẹ ṣe mẹ́wàá, kí ẹ bẹ́ méjì lára wọn láti dán an wò.

Ẹ fi pílásítà lẹ̀ ẹ́ mọ́ abẹ́ aṣọ. Ní ojú ibẹ̀, ẹ ti fi sáńpépà ha aṣọ náà títí ó fi fúyẹ́. Òṣèré á fi àtẹ́lẹwọ́ gbá ibẹ̀ bí ẹni tí nǹkan bà, àpò á bẹ́. Bí ọwọ́ rẹ̀ kò bá gbọ́dọ̀ dé ibẹ̀, ẹ lo àpò ọ̀rá tó nípọn díẹ̀, ẹ lu igun rẹ̀ kan, ẹ fi tẹ́ẹ̀pù dí i, ẹ so okùn ìpẹja mọ́ tẹ́ẹ̀pù náà, kí ẹnìkan tó wà lẹ́yìn kámẹ́rà fà á. Kò sí ìdí tí ẹ fi máa fi píìnì tàbí abẹ́rẹ́ sí ẹ̀gbẹ́ ara ènìyàn.

Ní ti ìbọn, ohun abúgbàù kékeré tí àwọn ilé iṣẹ́ fíìmù ńlá ń lò jẹ́ ti ẹni tó kọ́ ọ tó sì gba ìwé àṣẹ. Ẹ má ṣe fi bángà ọdún ṣe àfarawé rẹ̀. Awọ ara máa ń jóná, ojú máa ń fọ́.

Ọ̀bẹ tó ń ṣẹ̀jẹ̀

Ọ̀bẹ gidi tí wọ́n “ti mú kú” kò tó. Ẹ fi rúlà oníke tó ń tẹ̀ (kì í ṣe èyí tó ń fọ́) gé ojú ọ̀bẹ, ẹ fi sáńpépà pa etí rẹ̀ rẹ́, kí ẹ fi tẹ́ẹ̀pù fàdákà bò ó. Ẹ ra rọ́bà dírípù tuntun ní ilé ìtajà oògùn. Ti ilé ìwòsàn tí wọ́n ti lò kò gbọ́dọ̀ wọ ibi iṣẹ́ yín. Ẹ yọ abẹ́rẹ́ rẹ̀ dànù, kí ẹ lẹ rọ́bà mọ́ ẹ̀gbẹ́ ọ̀bẹ tí kámẹ́rà kò ní rí, kí ẹnu rẹ̀ parí ní nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà kan sí etí ọ̀bẹ. Ẹ fà á gba inú apá aṣọ wọlé, kí ẹ ki ìdí rẹ̀ bọ síríǹjì 20 ml.

Ẹ ti ẹ̀jẹ̀ títí yóò fi yọ lẹ́nu rọ́bà, lẹ́yìn náà kí ẹ fà á padà ní 1 ml. Bí ẹ kò bá kọ́kọ́ ti ẹ̀jẹ̀ dé ẹnu rọ́bà, afẹ́fẹ́ ni yóò kọ́kọ́ jáde, ẹ̀jẹ̀ á sì pẹ́ kó tó dé. Bó bá dí, kókó kòkó ni. Ẹ tún un jò. 5 sí 8 ml ló tó fún ojú gígé kan. Ẹ̀jẹ̀ tó pọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ máa ń tú àṣírí rọ́bà.

Adágún ẹ̀jẹ̀ ilẹ̀

Adágún tó fẹ̀ tó 60 sẹ̀ǹtímítà, tó sì jìn tó mìlímítà méjì, máa gba nǹkan bíi 565 ml, ìyẹn ju ìkòkò kan lọ díẹ̀. Símẹ́ǹtì lásán máa ń fà á mu, àbàwọ́n rẹ̀ kì í sì í lọ. Orí táìlì tàbí pákó tí wọ́n kùn ló dára. Ẹ gbé gbogbo wáyà iná kúrò nílẹ̀ kí ẹ tó dà á. Ó máa ń yọ̀, torí náà kí ẹni tí kò ní iṣẹ́ níbẹ̀ dúró sẹ́yìn, kí aṣọ ìnulẹ̀ sì wà nítòsí. Ṣúgà tún ni: èèrà, eṣinṣin àti oyin á wá. Ẹ bò ó títí olùdarí yóò fi sọ pé ó yá. Bó bá gbẹ lábẹ́ iná, ẹ fọ́n omi díẹ̀ sí i, dídán rẹ̀ á padà.

Ìpamọ́ àti fífọ̀

Nítorí ẹ̀kọ inú rẹ̀, ọjọ́ mẹ́ta péré ni yóò lò nínú fíríìjì. Nínú ooru ìta, ọjọ́ tí ẹ bá ṣí i náà ni kí ẹ da ìyókù nù. Bó bá ń hó tàbí tó ń rùn kíkan, kò sí ohun tó tún kù láti tọ́ wò. Ẹ kọ ọjọ́ tí ẹ sè é sára ìgò.

Aṣọ: omi tútù lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, lẹ́yìn náà ọṣẹ. Omi gbígbóná lè mú kí àwọ̀ wọnú aṣọ. Ẹ ra aṣọ kan náà mẹ́ta fún òṣèré tó máa ṣẹ̀jẹ̀, torí pé olùdarí á ní kí wọ́n tún un ṣe. Ara: omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ àti ọṣẹ, bí àwọ̀ bá ṣì kù lára awọ, fóòmù ìfárùngbọ̀n máa ń yọ ọ́. Ẹ má fi omi bílíìṣì kan awọ ara.

Ẹ ti sọ fún àwọn ará àdúgbò, ẹgbẹ́ onílé àti àgọ́ ọlọ́pàá tó súnmọ́ ibẹ̀ kí ọjọ́ ìyàwòrán tó dé, kí ẹ sì gbé pátákó tó hàn kedere síta. Kí òṣèré tó jáde lọ ra oúnjẹ tàbí kó wọ mọ́tò, ó gbọ́dọ̀ ti fọ ẹ̀jẹ̀ náà tán kó sì pààrọ̀ aṣọ, nítorí àwọn èrò tó wà lójú títì kò rí kámẹ́rà, ènìyàn tí ẹ̀jẹ̀ bò ni wọ́n rí.